Ìka Ẹ̀gbọ́n Mi àti Ṣéènì Kẹ̀kẹ́ Bàbá Wa

Kẹ̀kẹ́ tí bàbá wa fi sílẹ̀ sáré ju òjò lọ. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá bi ìyàwó mi. Lọ́jọ́ kan mo gbé e sẹ́yìn láti Ìpáò, a ń bọ̀ ní Ààyè, ìlú wa, òjò bá ṣú lẹ́yìn wa. Mo tẹ pẹ́dà. Òjò ń lé wa bọ̀, èmi náà ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a fi máa wọlé, omi ti rin ìyàwó mi láti ìpàkọ́ dé gìgísẹ̀, èmi tí mo jókòó síwájú sì gbẹ bí ẹ̀gúsí orí àpáta. Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní ó yẹ kí n rọra díẹ̀, kí òjò lè pa àwa méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n fi eré sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ṣéènì ló gbé mi débí. Kẹ̀kẹ́ tí ṣéènì rẹ̀ bá ń sunkún kò lè sá fún òjò. Ti bàbá wa kì í sunkún, nítorí ó ń tọ́jú rẹ̀ ju bó ṣe tọ́jú àwọn ìyá wa lọ. Ìyá mi ló sọ bẹ́ẹ̀, mi ò sí níbẹ̀. Ìwé mẹ́rin ni mo kà, ẹ má wo bí mo ṣe ń kọ ọ́; ohun tí ojú mi rí kò nílò ìwé márùn-ún.

Ìyàwó méjì ni bàbá wa ní. Àwọn méjèèjì lóyún pọ̀. Ìyálé bí ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ kẹsàn-án tí wọ́n ń kó o jáde láti sọ ọ́ lórúkọ ni ìyá tèmi rọbí. Àwọn tó wá jẹun ìkómọ fi oúnjẹ sílẹ̀, wọ́n wá ń wò mí. Títí ìyá ẹ̀gbọ́n mi fi kú, ó ní mo wá ba ọjọ́ òun jẹ́ ni.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré. Nítorí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló ń kọ́kọ́ mú ẹran nínú àwo, èmi á mú èyí tó bá kù. Òun ló ń wọ ṣòkòtò tuntun, bí ìdí rẹ̀ bá já tán, ó di tèmi. Ní ilẹ̀ tiwa, a kì í fi bẹ́ẹ̀ ka "ẹ" sí fún àgbà bí àwọn ará Ọ̀yọ́ ṣe ń kà á, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ fi orógùn ọkà lù mí títí mo fi ń pe ẹgbẹ́ mi ní "ẹ". Mo ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀ títí di òní. Orógùn ti jóná, ọ̀rọ̀ ti mọ́ mi lẹ́nu.

Ọdún tí àwọn ológun ń palẹ̀ mọ́ láti kúrò lórí ìjọba ni bàbá wa kú, nínú ọyẹ́. Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, ẹbí jókòó láti pín ogún. Ilé pín, oko kòkó pín, àgbá omi pín, adìẹ pàápàá pín. Ó wá ku kẹ̀kẹ́. A kì í la kẹ̀kẹ́ sí méjì.

Ẹ̀gbọ́n mi ń dá ẹmu ní apá Ìpáò. Ẹmu àárọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí oòrùn bá bá a lójú ọ̀nà, ó ti kan. Ìkọ̀lé sì ni àwọn tó mọ rírì ẹmu dídùn wà. Bó bá ní kẹ̀kẹ́, ẹmu rẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ wọn bó ṣe ti orí ọ̀pẹ sọ̀ kalẹ̀. Bí kò bá ní, á fi ẹsẹ̀ rìn títí á fi gbé ọtí kíkan dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò fẹ́ ẹ. Gbogbo ará Ààyè ló mọ̀ pé ó nílò kẹ̀kẹ́ náà. Èmi náà mọ̀. Ohun tó mú kí n fẹ́ ẹ nìyẹn.

Àbúrò bàbá wa ni olórí ẹbí. Etí òsì rẹ̀ ti kú láti ìgbà tí ìbọn ọdẹ kan bú mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ti ọ̀tún! Ó lè fi etí ọ̀tún gbọ́ ikán tó ń jẹ àjà ulé ẹlòmíì. Òun ló ń bọ Ògún ilé wa, lójú òkúta kan tó wà lábẹ́ pèrègún níwájú ilé. Níbẹ̀ ni wọ́n ń kó àdá, ọkọ́ àti ìbọn lọ lọ́dọọdún, tí wọ́n á fọ̀ wọ́n, tí wọ́n á sì fi epo pa wọ́n lára. Èmi ti di ọmọ Áńgílíkà nígbà náà, òkèèrè ni mo ti ń wò wọ́n. Iṣu sísun ibẹ̀ nìkan ni mo máa ń sún mọ́.

Olórí ẹbí ní kí a gbé kẹ̀kẹ́ wá síwájú òkúta náà.

"Bàbá yín kì í gun kẹ̀kẹ́ yìí bọ̀ kí a gbọ́," ó ní. "A kàn máa ń rí i ni. Ẹni tó bá mọ bí a ti í mú kí irin dákẹ́ ni yóò ni ín. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yín ní ọjọ́ márùn-ún, ẹ̀gbọ́n ló ṣáájú. Ẹ nu ṣéènì, ẹ fi ohun tó bá wù yín sí i. Lọ́jọ́ karùn-ún, màá jókòó síbí, màá kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà, ẹ ó gùn ún gba ẹ̀yìn mi kọjá. Ẹni tí mo bá gbọ́ ṣéènì rẹ̀ ti pàdánù."

"Bí ẹ bá gbọ́ ti àwa méjèèjì ńkọ́, Bàbá?" ni mo bi í.

"Màá gbé e fún onírin àlòkù, kó fún mi ní ajá kan fún Ògún."

"Bí ẹ ò bá gbọ́ tẹnì kankan?"

"Nígbà náà, ẹ̀gbọ́n rẹ ló ni ín."

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Mo rí ibi tí eyín rẹ̀ ti yọ níwájú. Mo sọ nínú mi pé, ọjọ́ mẹ́sàn-án, o tún ti dé. Bí mo bá nu ṣéènì títí tó fi ń dán bí ojú ìyàwó, bí òun náà bá ti nu tiẹ̀, asán ni tèmi. Àfi kí wọ́n gbọ́ tiẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo bá a lẹ́yìn ilé. Ó ti nu ṣéènì, ó nu ún dáadáa. Ìgò kékeré kan wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, tó gbà lọ́wọ́ mẹkáníìkì ọ̀kadà kan ní Ìkọ̀lé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú uṣẹ́ o."

"Kí lo wá wò?"

"Mo wá kí yín ni. Kí ló wà nínú ìgò yẹn?"

"Ọ́ìlì ni."

Mo dákẹ́. Mo mọ bí a ti í dákẹ́. Mo mi orí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ òkú fún.

"Kí ló dé?" ó ní.

"Kò sí nǹkan. Mo kàn ń rò ó ni. Iwájú Ògún ni wọ́n ti máa gbọ́ ṣéènì yìí. Àdá tí ẹ ń gbé lọ síbẹ̀, kí lẹ fi ń pa á?"

"Epo ni."

"Ìbọn ńkọ́?"

"Epo náà ni."

"Ọ́ìlì òyìnbó ni àbí epo pupa?"

Ó ń wo ìgò.

"Èmi ò mọ̀ o," ni mo wí, mo sì ń lọ. "Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí."

Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹni tó bá ń gun ọ̀pẹ lójoojúmọ́ pẹ̀lú ọ̀bẹ mímú lọ́wọ́ kì í bá Ògún jiyàn ni. Mo yọjú láti igun ògiri, mo rí i tó ju ìgò ọ́ìlì sínú koríko. Ó lọ bu epo pupa tuntun lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀, ó fi ìyẹ́ adìẹ ta á sára ṣéènì, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó pupa, ó ń dán. Ó gùn ún yí ilé ká lẹ́ẹ̀mejì. Kò dún rárá. Nígbà tó kọjá lọ́dọ̀ mi, ó yọ ahọ́n sí mi, àgbà tó ti ní ọmọ-ọmọ.

Mo ní kó máa gùn ún lọ.

Ẹ ti mọ ohun tí epo ń ṣe nínú ọyẹ́. Gbogbo ilé ìdáná ló mọ̀ ọ́n. Láàárọ̀, epo á dì nínú ìkòkò, àfi kí wọ́n gbé e sítòsí iná kó tó ṣeé bù. Ẹ̀gbọ́n mi náà mọ̀ ọ́n, kò kàn rò ó mọ́ irin ni. Ohun tó wà nídìí adùn ọbẹ̀, ta ló máa rántí rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́? Àdá tí wọ́n fi epo pa lójú Ògún, ilé ni wọ́n ń gbé e lọ fi kọ́ ògiri. Wọn kì í gbé e sáré nínú eruku.

Ọjọ́ kẹta, epo náà dì. Eruku ojú ọ̀nà Ìpáò, tó pupa bí òun náà, bá a pọ̀, wọ́n di amọ̀. Ọjọ́ kẹrin, èèrà dé. Wọ́n tò láti ìdí ògiri, wọ́n gba ara táyà gòkè, wọ́n bo ṣéènì náà títí kò fi sí irin tí a lè rí mọ́. Mo lè búra pé mo rí ọ̀kan tó dá jókòó sórí pẹ́dà, tó ń wo ọ̀nà Ìkọ̀lé bí ẹni tó fẹ́ gùn ún lọ sí ọjà. Ẹ̀gbọ́n mi gbọn wọ́n dànù, ó gùn ún díẹ̀, ṣéènì náà dún bí ẹni tó ń lọ àgbàdo gbígbẹ.

Àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn ilé.

"Àbúrò! Jọ̀ọ́, wá bá mi yí i."

Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí a ti jọ wà láyé, n kò gbọ́ "jọ̀ọ́" lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ó ti dojú kẹ̀kẹ́ dé, ìjókòó rẹ̀ wà nílẹ̀, táyà méjèèjì ń wo òkè. Ó rẹ àkísà gígùn kan sínú kẹrosíìnì, ó fi í di ṣéènì mú nítòsí irin eléyín tó wà láàárín pẹ́dà. Èmi ni kí n máa yí pẹ́dà, kí ṣéènì lè máa gba inú àkísà kọjá, kó máa mọ́. Iṣẹ́ ẹni méjì ni. Ẹni tó di àkísà mú kì í wo ẹni tó ń yí pẹ́dà. Ojú rẹ̀ wà lára ìdọ̀tí, ó ní láti gbà á gbọ́.

"Yí i díẹ̀díẹ̀."

Mo yí i díẹ̀díẹ̀.

"Ìwọ lo kó èyí bá mi," ó ní. "Ìwọ lo sọ̀rọ̀ epo."

"Èmi? Mo ní mi ò mọ̀."

"Òótọ́ ni, o ní o ò mọ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ṣéènì. "Má ṣèyọnu. Bí mo bá gba kẹ̀kẹ́ yìí, ẹmu tó bá ń kù nínú kèrègbè nírọ̀lẹ́, màá máa fi ránṣẹ́ sí ọ."

Ẹmu tó bá kù. Mo rántí ẹran. Mo rántí ṣòkòtò tí ìdí rẹ̀ já.

Ìgbà yẹn gan-an ni etí àkísà bọ́ sábẹ́ ṣéènì. Ó yí mọ́ ìka ìlábẹ̀ rẹ̀, ó sì fà á lọ sí ẹnu eyín. Mo mọ̀ ọ́n lára pẹ́dà. Pẹ́dà máa ń wúwo díẹ̀ bí nǹkan bá há síbẹ̀, bí ìgbà tí ọkọ́ bá kan gbòǹgbò nínú ilẹ̀. Ó yẹ kí n dúró.

Ohun tí mo ti sọ nípa ọjọ́ yẹn pọ̀. Fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní òkété ló gé e jẹ. Fún àwọn ọlọ́kadà Ìkọ̀lé, mo ní ejò ló bù ú ṣán lórí ọ̀pẹ, tí òun fúnra rẹ̀ sì fi ọ̀bẹ gé ìka náà kí oró má bàa gòkè. Wọ́n ra ọtí fún mi lórí ìyẹn. Fún ìyàwó mi, mo ní pẹ́dà yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo ti sọ òótọ́ fún, ẹ ó bá a níwájú. Ẹ̀yin ni ẹnì kejì. Mo yí i lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó dún bí ìgbà tí a bá dá igi ẹ̀gẹ́ gbígbẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi kò ké. Ó yọ ọwọ́, ó wò ó, ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó fi àkísà yẹn náà, ti oní-kẹrosíìnì, di ìka rẹ̀ mọ́ra.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ sí ọsibítù," ni mo wí.

"Kẹ̀kẹ́ ná," ó ní.

Ó fi ọwọ́ kan dá kẹ̀kẹ́ padà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gùn ún. Olórí ẹbí ti jókòó síwájú òkúta, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Ẹ̀gbọ́n mi kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Ṣéènì náà ń lọ àgbàdo rẹ̀, gẹ̀rẹ̀rẹ̀, gẹ̀rẹ̀rẹ̀.

"Mo gbọ́ ọ," ni olórí ẹbí wí. Kò yí ojú padà. Ó tún tẹ́tí. "Mo ń gbọ́ nǹkan míì. Kí ló ń kán sílẹ̀ yẹn?"

"Ẹ̀jẹ̀ ni, Bàbá," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Bàbá náà wá yí padà. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo kẹ̀kẹ́, ó wò mí.

"Ta ló ń yí i?"

"Èmi ni," ni mo wí.

"Àkísà ló yọ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí kíákíá. Títí di òní n kò mọ ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá ti ké títí Ìkọ̀lé á fi gbọ́.

"Pẹ́dà kì í yí ara rẹ̀," ni bàbá náà wí.

Mo gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ yẹn náà lọ sí ọsibítù ní Ìkọ̀lé, ṣéènì ń ké lábẹ́ wa, òun kò ké. Dókítà gé ìyókù ìka náà kúrò dé oríkèé tó kẹ́yìn. Ọwọ́ ọ̀tún ni. Adẹ́mu tí kò ní ìka ìlábẹ̀ ọ̀tún kò lè di ọ̀bẹ mú lókè. Lọ́jọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ.

Ọjọ́ márùn-ún tó tẹ̀lé e di tèmi. Ẹ fetí sílẹ̀, bí a ti í nu ṣéènì nìyí, mi ò ní purọ́ kankan sí i. Mo yọ ojú ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀, mo tú ṣéènì náà sílẹ̀ gbọọrọ. Mo ká a sínú agolo mílíìkì, mo da kẹrosíìnì bò ó, mo fi í sílẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Epo tó ti dì wá ń tú, ó ń léfòó bí ọ̀rá orí ọbẹ̀ tútù. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó, mo fi gbo oríkèé kọ̀ọ̀kan, òkè àti ìsàlẹ̀, inú àti ẹ̀gbẹ́. Mo da kẹrosíìnì yẹn nù, mo da tuntun sí i, títí tó fi mọ́ bí èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Mo fi ọṣẹ àti omi gbígbóná ṣàn án, mo sá a sórí páànù títí tó fi gbẹ dénú. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe, wọ́n á da ọ́ìlì lé omi lórí. Nígbà tó gbẹ, mo dá a padà sórí kẹ̀kẹ́, mo kán ọ́ìlì sí i, ẹ̀kán kan fún oríkèé kan. Lẹ́yìn náà mo mú àkísà gbígbẹ, mo nu gbogbo ìta rẹ̀. Ọ́ìlì tó wà nínú oríkèé ló ń ṣiṣẹ́. Èyí tó bá kù síta, eruku ló ń ránṣẹ́ pè.

Ọ́ìlì wo? Èyí tí ẹ̀gbọ́n mi jù sínú koríko. Ìgò náà kò fọ́.

Èmi nìkan ni mo sì ṣe é. Ọwọ́ òsì lórí pẹ́dà, ọwọ́ ọ̀tún lórí àkísà, mo jìnnà sí eyín. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìka rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹlòmíì bá òun yí i.

Nígbà tí mo ń da kẹrosíìnì àkọ́kọ́ nù, nǹkan pẹlẹbẹ kan bọ́ sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ dúdú náà. Èékánná ẹ̀gbọ́n mi ni. Adìẹ kan sáré wá, ó gbé e mì. Ọdún Àjíǹde la pa adìẹ náà. Mo gbé itan rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, nítorí òun ni àgbà. Ó ní ó dùn.

Lọ́jọ́ karùn-ún, mo gùn ún kọjá. Ṣéènì náà kò tilẹ̀ mí. Ó yẹ kí èyí tó mi, ṣùgbọ́n ara mi kì í gba nǹkan tààrà. Bí mo ṣe dé ẹ̀yìn olórí ẹbí, mo ya, mo gba apá òsì rẹ̀ kọjá, lẹ́bàá etí tó ti kú.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró sí ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú báńdéèjì.

"Mi ò gbọ́ ṣéènì," ni olórí ẹbí wí. "Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ibi tó o gbà."

Mo dọ̀bálẹ̀. Kò ní kí n dìde.

"Kẹ̀kẹ́ di tìrẹ. Ní gbogbo Sátidé, ẹ̀yin méjèèjì ó gbé e wá síwájú òkúta yìí, ẹ ó dojú rẹ̀ dé, ẹ ó nu ṣéènì rẹ̀. Ìwọ ni wàá máa di àkísà mú. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni yóò máa yí pẹ́dà. Sátidé tó o bá kọ̀, kẹ̀kẹ́ di tiẹ̀."

"Bàbá, ṣéènì kì í fẹ́ nínù ní gbogbo Sátidé."

"Èyí fẹ́ ẹ."

Ẹ̀gbọ́n mi wo ọwọ́ mi. Mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń mì díẹ̀díẹ̀. Ó ń ka ìka mi ni.

Sátidé àkọ́kọ́, òógùn ti bò mí kí a tó bẹ̀rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló mú àkísà wá. Ó ti ya ṣòkòtò tó fi ń gun ọ̀pẹ, ó ya á ní tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì jẹ́ kó gùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àkísà yìí mà gùn jù."

"Mi ò mọ̀ o," ó ní. "Adẹ́mu ni mí."

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ọdún dé ọdún. Á yí i díẹ̀díẹ̀. Á yí i kíákíá. Á dúró lójijì, á húkọ́.

"Ọyẹ́ ni," á wí, nínú oṣù tí òjò ń rọ̀.

"Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n mi."

"Sún mọ́ eyín dáadáa. Ibẹ̀ yẹn ṣì dúdú."

"Ó ti mọ́."

"Ṣé ojú mi ni kò dáa ni? Mo ní ó dúdú."

Èmi á sún mọ́ ọn.

Láàárín ìgbà yẹn, ọ̀kadà kún ọ̀nà láti Ìkọ̀lé dé Ìpáò. Ọmọ tí kò tíì hu irùngbọ̀n á gbé ènìyàn mẹ́ta àti àpò gààrí kan kọjá kí n tó rí páńpù mi. Wọ́n á fọn fèrè sí mi: "Bàbá oníkẹ̀kẹ́, ẹ kúrò lọ́nà, ẹ̀ ń dá ayé dúró!" Orúnkún mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún ju ṣéènì lọ, wọn kì í sì í kán ọ́ìlì síbẹ̀. Mo gbé kẹ̀kẹ́ fi ti ògiri, n kò gùn ún mọ́. Kẹ̀kẹ́ tó sá fún òjò wá di ibi tí ìyàwó mi ń sá aṣọ sí. Mo rò pé ẹ̀san òjò ọjọ́ yẹn nìyẹn.

Olórí ẹbí kú. Mo sin ín dáadáa, inú mi dùn. Sátidé tó tẹ̀lé e, ẹ̀gbọ́n mi dé pẹ̀lú àkísà rẹ̀.

"Ẹni tó pàṣẹ ti kú," ni mo wí.

"Ta wá ni olórí ẹbí?" ó bi mí.

Mo ronú sí i. Òun ni. Ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Oṣù tó kọjá ni ó ṣẹlẹ̀. Etí àkísà bọ́ sábẹ́ ṣéènì. Mo fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀, ó ti yí mọ́ ìka ìlábẹ̀ mi lẹ́ẹ̀mejì, ó fà mí lọ, èékánná mi kan eyín. Gbogbo rẹ̀ dúró. Ẹ̀gbọ́n mi ló dá pẹ́dà dúró. Òun náà ti mọ̀ ọ́n lára pẹ́dà.

Ó fi ọwọ́ òsì di pẹ́dà mú ṣinṣin. Ó fi ọ̀tún, ti oníka mẹ́rin, wá iṣu sísun nínú àpò rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Dákẹ́, mo ń jẹun."

Ó jẹ ẹ́ tán, ó gbọn àpò, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.

"Ọjọ́ mélòó ni mo fi jù ọ́ lọ?"

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án."

"Lọ́jọ́ tèmi, tí àkísà wọlé báyìí, ṣé o mọ̀ ọ́n lára pẹ́dà àbí o ò mọ̀ ọ́n?"

Òkété wá sí mi lọ́kàn. Ejò wá. Gbogbo irọ́ tí mo ti pa láyé mi tò wá sẹ́nu bí èèrà, n kò rí èyí tó lágbára tó láti fa ìka mi jáde.

"Mo mọ̀ ọ́n," ni mo wí.

"O sì yí i."

"Mo yí i lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ó mi orí. "Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ gbọ́ bó ṣe máa dún lẹ́nu rẹ ni."

Ó yí pẹ́dà sẹ́yìn, ìka mi jáde, odidi. Àmì eyín kan wà lórí èékánná náà, kò tíì lọ.

"Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ yìí," ni mo wí. "Ẹ gbé e lónìí, mo fi sílẹ̀ fún yín, mo kọ̀ ọ́."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo wèrè. "Kí ni n ó fi kẹ̀kẹ́ ṣe? Ṣé o rí kèrègbè ẹmu lórí mi ni? Sátidé ni mo ń fẹ́." Ó na àkísà sí mi. "Gbà, di í mú. Ibẹ̀ yẹn ṣì dúdú."

Mo gbà á, mo di í mú.

Jímọ̀ ni mo ń kọ èyí. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń kọ ọ́, lẹ́tà mi sì tọ́ síbẹ̀. Ṣòkòtò ọ̀pẹ ẹ̀gbọ́n mi ti tán láti ọjọ́ pípẹ́, tèmi tó ń yọ kúrò lórí okùn aṣọ ló ń ya báyìí. Mo ń gbọ́ ọ láti àárọ̀, lẹ́yìn ògiri, tó ń ya á ní tẹ́ẹ́rẹ́, tẹ́ẹ́rẹ́.